Ìlà Dúdú Tí Kò Sí Nírù Ẹyẹ

Kí n tó sọ ohun tí ojú mi rí ní Jámánì, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹnu mi ṣe níbẹ̀. Wọ́n bi mí ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Mo mọ ìdáhùn rẹ̀ bí mo ṣe mọ orúkọ ìyá mi, mo sì fi òdìkejì rẹ̀ dáhùn. Kò sẹ́ni tó fún mi ní rìbá. Kò sẹ́ni tó dẹ́rù bà mí. Ọmọlúàbí ni mo ń ṣe.

Ẹni tó bá ń retí ìròyìn ilé gogoro àti ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré bí ẹ̀fúùfù, kó má bínú. Mo rí wọn. Wọ́n wà níbẹ̀, wọ́n sì dára. Ṣùgbọ́n ẹyẹ kan tí kò tó nǹkan ló gba gbogbo ìrìn-àjò náà mọ́ mi lọ́wọ́, òun ni mo sì máa sọ.

Télọ̀ ni mí, ní Ṣakí níbí. Ìwé mi kò jìnnà. Girama ni mo wà tí bàbá mi fi mú mi lọ sẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí mo mọ̀ ni aṣọ. Ẹ tẹ́ àdìrẹ síwájú mi, màá fi ọwọ́ lé ibi tí aró kò ti mu dáadáa kí ẹ tó rí àga jókòó. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun gan-an ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi burú.

Jenfeld

Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀ọ̀dá Lùkúmọ́nù, ló ní kí n wá kí òun. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rìn tó bá wálé: bí ẹni tí wọ́n pín títì fún nínú ogún. Ní Jenfeld, àdúgbò tó ń gbé ní Hamburg, mo rí i tó dúró níwájú iná pupa kan. Kò sí ọkọ̀ lápá ọ̀tún. Kò sí lápá òsì. Ajá pàápàá kò kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi dúró gbagidi.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ ká kọjá.”

“Iná ni, Ràṣíìdì.”

“Mo rí iná. Ọkọ̀ ni mi ò rí.”

“Ọmọdé lè máa wò wá láti ojú fèrèsé. Tí o bá kọjá, ìyá àgbà kan á yọ láti ibi tí o ò mọ̀, á bi ọ́ pé ṣé o fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ ni.”

Mo rò pé àwàdà ni. Lọ́jọ́ kejì mo dá kọjá. Ìyá àgbà náà yọ.

Nínú lífítì ilé wọn, mo ń kí gbogbo ẹni tó bá wọlé, bó ṣe yẹ. Obìnrin kan tí mo kí yẹ ara rẹ̀ wò láti orí dé ẹsẹ̀, ó rò pé nǹkan lẹ̀ mọ́ òun láṣọ. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn. Nígbà tó tún yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn.

Fàrúkù, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n kì í sọ ọ́ jáde, àfi bí ẹni tó fi í pamọ́ de ọjọ́ ìṣòro. Mo ní, “Báwo ni ilé ìwé?” Ó ní, “Gut,” ìyẹn ni pé ó dára. Mo ní, “Kí lẹ kọ́ lónìí?” Ó ní, “Nichts,” ìyẹn ni pé kò sí nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ Jámánì méjì tí mo kọ́kọ́ mọ̀ nìyẹn, mo sì rí i pé wọ́n tó èèyàn lò fún ìgbà pípẹ́.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Mùínátù, a máa dáná bí ẹni tó ń gbèjà ìlú rẹ̀. Iyán wọn, ìyẹ̀fun pòtétò inú páálí ni. A ń pè é ní iyán kó má baà banú jẹ́. Búrẹ́dì àwọn onílé ní tirẹ̀ dúdú, ó le, kóró sì wà lára rẹ̀. Tí ilẹ̀kùn yín kò bá dúró, ó ṣe é fi tì í.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, a lọ kírun ní mọ́ṣáláṣí kan ní St. Georg, nítòsí Hauptbahnhof, ibùdó ọkọ̀ ojú irin ńlá ìlú náà. Lẹ́yìn ìrun, àwọn ará ilé yí mi ká, ará Ìṣẹ́yìn, ará Ṣágámù, ará Mushin.

“Ibo lo ti ń ṣiṣẹ́?”

“Àlejò ni mo wá ṣe, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo máa padà sílé.”

“Ó máa padà,” ọ̀kan wí fún èkejì, bí ìgbà tí wọ́n bá ń sọ pé ara ẹnìkan kò yá. Alàgbà kan fà mí lọ́wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ní kí n má jẹ́ kí ọ̀tá ilé bàbá mi lò mí.

Láti ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi ti rí i pé ó yẹ kí n kúrò ní Hamburg díẹ̀. Ó ní kí n lọ wo Berlin, kí n gbé lọ́dọ̀ Kúnlé, ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan láti Abẹ́òkúta, tó ń kàwé níbẹ̀.

Lichtenberg

Ilé tí Kúnlé ń gbé ní Lichtenberg dà bí dúrọ́ọ̀ tí wọ́n tò léra. Èèyàn kan nínú dúrọ́ọ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ti gbogbo rẹ̀ pa. Kúnlé ń lọ ilé ìwé, ó tún ń ru ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí, tó bá wá wà nílé, oorun ló ń sùn. Èmi nìkan ló kù pẹ̀lú fèrèsé.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà lábẹ́ fèrèsé náà. Ilẹ̀ ojú irin àtijọ́ kan tí ọkọ̀ kò gbà mọ́: irin tó ti dípẹtà, yanrìn, òkúta wẹ́wẹ́, igbó ṣákálá tó gbẹ tó sì lẹ́gùn-ún, kò sí èyí tó ga ju àyà èèyàn lọ. Ọkàn mi balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ìlú òyìnbó. Ó jọ ẹ̀yìn odi Ṣakí lásìkò ọyẹ́. Bí mo ṣe jẹun àárọ̀ tán ni mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ síbẹ̀, kí n lè rìn láìsí iná pupa.

Níbẹ̀ ni mo ti rí ìyá arúgbó kan tó ká kò lẹ́yìn igbó kan, tó ń yọjú wo ilẹ̀. Ohun kan ni èèyàn lè rò. Nǹkan rẹ̀ ti bọ́ sọnù. Mo kí i, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú koríko wò.

Ó fi ìka sétè. Lẹ́yìn náà ó rọra bi mí pé, “Kí lò ń wá?”

“Ohun tí ẹ sọnù, mà.”

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Ẹ̀rín ni, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó dún. Mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé àwọn olùwo-ẹyẹ kì í rẹ́rìn-ín sókè.

Frau Wendt, ìyẹn Ìyáàfin Wendt, ni wọ́n ń pè é. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni. Òun àti ọkọ rẹ̀ ti gbé ní Àlùjíríà nígbà èwe wọn, létí aṣálẹ̀, nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń bá wọn kọ́ ilé iṣẹ́ kan níbẹ̀. Ọkọ náà ló fẹ́ràn ẹyẹ. Ó ti kú. Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ kò pọ̀, tèmi náà kò pọ̀, a wá pàdé láàárín ọ̀nà. Mo sọ fún un pé mi ò lè máa pe ẹni tó jẹ́ ẹgbẹ́ ìyá ìyá mi lórúkọ, pé Màmá ni màá máa pè é. Kò bí ọmọ rí. Ó ronú sí i fúngbà díẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ronú sí ohun gbogbo, ó ní òun gbà.

Bí mo ṣe di ọmọ ilé ìwé nìyẹn. Ó gbé awò ọkọ rẹ̀ kọ́ mi lọ́rùn, báínọ́kúlà tí awọ rẹ̀ ti bó lápá kan, ó ní kí n máa wo ohun mẹ́rin kí n tó sọ̀rọ̀: ojú ẹyẹ, ìrù ẹyẹ, ẹsẹ̀ ẹyẹ, àti bó ṣe ń rìn. Orúkọ ló gbẹ̀yìn. “Tí o bá tètè dárúkọ,” ó ní, “orúkọ náà á dí ọ lójú.”

Mo máa ń tètè dárúkọ. Gbogbo ẹyẹ kékeré tó bá fò kọjá, mo ní ológoṣẹ́ ni.

“Ṣé gbogbo ẹyẹ ìlú yín ni ológoṣẹ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Èyí tí a kì í bá jẹ, ológoṣẹ́ ni.”

Ó ní ìlú wa rọrùn láti gbé.

Ẹyẹ náà

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí ẹyẹ náà wá, oòrùn yọ ṣùgbọ́n kò mú nǹkan kan gbóná. Wọ́n kàn gbé e síta ni. A ń rìn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin. Lójijì Màmá Wendt gbá mi lápá mú, èékánná rẹ̀ wọlé. Nǹkan kan ń sáré nílẹ̀ láàárín igbó méjì. Mo rò pé eku ni.

Mo gbé awò sójú.

Ẹ̀yin tí ẹ kò ní rí i láéláé, ẹ jẹ́ kí n rán an fún yín. Ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ kakí, kakí tí a ti fọ̀ tí a sì ti sá lóòrùn títí àwọ̀ rẹ̀ fi kù bí iyanrìn. Ikùn rẹ̀ funfun bíi síńgílẹ́ẹ̀tì ọjọ́ ọdún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí okùn ọ̀gọ̀rọ̀. Ẹyinjú rẹ̀ pọ́n bí pupa ẹyin awó, pẹ̀lú ẹyọ dúdú kan láàárín, ó sì ń wo ayé bí ẹni tí wọ́n ti já kulẹ̀. Kò ga ju ìka mi lọ. Kì í fò bó bá lè rìn. Ó ń sáré nílẹ̀ láti ìdí igbó kan dé òmíràn, ìrù rẹ̀ nà sókè, bí obìnrin tó ká ìró sókè nítorí ẹrẹ̀. Ẹyẹ aṣálẹ̀ ni. Ibi tí omi kò sí ni ilé rẹ̀. Ọlọ́run nìkan ló mọ atẹ́gùn tó gbé e dé Berlin.

Màmá Wendt kò wo ẹyẹ náà mọ́. Èmi ló ń wò.

“Ìrù,” ó ní. “Ojú rẹ dára ju tèmi lọ. Àárín ìrù. Kí lo rí?”

Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ nìyí. Ìdílé méjì ni ẹyẹ yìí, wọ́n sì jọra bí ìbejì. Ìdílé kan ń gbé ní aṣálẹ̀ ilẹ̀ Éṣíà, ìkejì ní Sàhárà tiwa. Ti Éṣíà ní ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan láàárín ìrù, bí ìgbà tí a bá fi òwú dúdú ran aṣọ pupa. Ti Sàhárà kò ní. Ti Éṣíà a máa ṣìnà dé Jámánì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ti Sàhárà, Màmá Wendt ní òun kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni rí i nílùú yẹn.

Ẹyẹ náà sáré jáde síwájú wa, ó dúró, ó sì tẹ́ ìrù rẹ̀ sílẹ̀ gbalaja nínú oòrùn, bí ẹni ń fi aṣọ han oníbàárà. Pupa bí erùpẹ̀ ojú ọ̀nà Ṣakí. Etí rẹ̀ funfun, bí ìgbà tí a fi funfun gbá etí aṣọ. Mo wo àárín rẹ̀ bí mo ṣe ń wo ojú rírán. Mo wò ó lẹ́ẹ̀kejì.

“Kò sí ìlà, Màmá. Aṣọ kan náà ni láti òkè délẹ̀.”

“Tún wò ó.”

“Kò sí.”

Ó jókòó sílẹ̀ nínú yanrìn tútù. Ó ní ẹyẹ tí ọkọ òun kọ́kọ́ fi han òun nìyẹn, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ara wọn, pé ó na ìka báyìí, ó ní, “Wò ó, àbí o ò rí i, òun ló ń wò ọ́.” Ó yọ ìnujú jáde, ó ń nu awò tirẹ̀. Awò náà kò tutù.

Ó ya fọ́tò kan. Igbó hàn dáadáa nínú rẹ̀. Ohun tó wà nídìí igbó lè jẹ́ ẹyẹ, ó sì lè jẹ́ bàtà.

Àwọn tó wá kí àlejò

Ó tẹ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ olùwo-ẹyẹ láago. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, ilẹ̀ ojú irin ti kún. Àwọn kan ti Hamburg wá. Aṣọ gbogbo wọn dà bí ewé. Kámẹ́rà wọn gùn bí ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n gbé e lé ẹsẹ̀ mẹ́ta, wọ́n sì ń bára wọn sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, bí ìgbà tí aláìsàn bá ń sùn lọ́wọ́. Ọkùnrin kan ń ṣa ìgò àti ọ̀rá kúrò nílẹ̀ kí ojú má baà ti ìlú níwájú àlejò. Obìnrin kan ní kí a sún sẹ́yìn, pé ọ̀nà jíjìn ló ti ń bọ̀, á ti rẹ̀ ẹ́.

Ẹyẹ ti lọ. Wọ́n dúró níbẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀, wọn kò sì bú ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ń bi ara wọn kò yé mi. Wọ́n ń bèèrè pé ṣé ẹyẹ náà dá wá ni, àbí ẹnìkan ló mú un wá. Màmá Wendt ṣàlàyé fún mi pé bí èèyàn bá gbé ẹyẹ wọ̀lú nínú àgò tó sì já, kò kà. Èyí tó bá dá wá fúnra rẹ̀, láìsí ẹni tó pè é, òun ló níyì.

Mo rántí gbogbo bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ṣe wàhálà kó tó lè fi han àwọn tó ń fúnni ní físà pé òun ló pè mí, pé òun ló máa bọ́ mi, àti pé mi ò ní dá nǹkan kan ṣe. Ní ti èèyàn, ẹni tí wọ́n bá mú wá ló kà. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ní ká má sọ̀rọ̀ sókè.

Tábìlì

Lọ́jọ́ Àìkú, ẹgbẹ́ náà pe ìpàdé sí ilé kékeré kan láàárín oko àwọn ará ìlú, ibi tí oníkálukú ti ní ilẹ̀ tó fi ń gbin òdòdó àti kábéèjì. Wọ́n fẹ́ dá ẹjọ́ ẹyẹ. Wọ́n fún mi ní kọfí àti àkàrà òyìnbó tí a fi èso ápù ṣe, pẹ̀lú fọ́ọ̀kì. Mo jẹ ẹ́, ó dùn, mo gba òmíràn.

Ẹni tó jókòó sórí àga àárín ni Dókítà Brandis. Eyín ló ń tọ́jú kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ga, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, kì í gbé ohùn sókè, bó bá sì ti fẹ́ sọ̀rọ̀, gbogbo wọn á gbé ife kọfí sílẹ̀. Ẹ fi láwàní lé e lórí, Bàbá Lémọ́mù ni.

Wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ nítorí èmi. Màmá Wendt sọ tirẹ̀. Kò fi kún un, kò yọ kúrò. Dókítà wo fọ́tò náà pẹ́.

“Frau Wendt,” ó ní, “gbogbo wa mọ bí ẹ ṣe fẹ́ kó jẹ́ ti Sàhárà tó.”

Ohùn rẹ̀ dùn. Àwọn kan rẹ́rìn-ín músẹ́ sínú ife. Ó ní òun fúnra òun ti rí ti Éṣíà rí létí òkun, pé ìlà náà tẹ́ẹ́rẹ́, pé ojú àgbà lè fò ó. Ó wá yíjú sí mi.

“Ìwọ ọ̀dọ́mọkùnrin. O wà níbẹ̀. Ìlà dúdú kékeré kan wà láàárín ìrù náà, àbí?”

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ bá mi dá a. Ẹgbẹ́ bàbá bàbá mi. Ó wà láàárín àwọn èèyàn rẹ̀. Àkàrà rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu mi. Ó ní ìlà wà. Kí ni ọmọ tí wọ́n bí ire á sọ? Ṣé ẹ máa ṣí fìlà lórí àgbà ní gbangba ni? A kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa. Ẹ máa ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà.” Tó bá di ọjọ́ kejì, ẹ máa mú ẹnìkan dání, ẹ máa lọ bá bàbá nílé, ẹ máa dọ̀bálẹ̀, ẹ máa ní, “Bàbá, ọ̀rọ̀ àná yẹn.” Bàbá á ní òun ti mọ̀. Òun fúnra rẹ̀ á wá bí òun ṣe máa tún un ṣe, ojú ò sì ní ti ẹnikẹ́ni.

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà,” mo ní. “Kékeré ni.”

Mo tún fi kékeré kún un. Télọ̀ ni mí.

Ọmọbìnrin kan tẹ nǹkan sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì pa á dé. Ẹjọ́ parí nìyẹn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa òwìwí. Mo mọ̀ pé Màmá Wendt ń wò mí, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni mò ń wò, nítorí ọ̀wọ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, ó ti mú ẹ̀wù òtútù rẹ̀ lọ.

Termin

Lọ́jọ́ kejì mo ra ọsàn, mo jí Kúnlé.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọrọ Termin lọ́wọ́ bàbá náà, kó dá àkókò fún wa, kí a tó lọ. Níbí, a kì í ṣàdédé kan ilẹ̀kùn èèyàn.”

“Ẹ̀bẹ̀ kì í gba Termin, Kúnlé.”

“Ẹ̀bẹ̀ gan-an ló ń gbà á jù.”

Ó tẹ̀ lé mi ṣá. Dókítà Brandis ṣílẹ̀kùn, ó wo àwa méjèèjì, ó wo ọ̀rá tó wà lọ́wọ́ mi, ó ní, “Mi ò bèèrè ọjà kankan.” Mo dọ̀bálẹ̀. Ó fò sẹ́yìn, ó bi Kúnlé bóyá gìrì ló mú mi, ó ti fẹ́ sáré lọ gbé omi wá.

Mo sọ òótọ́ fún un láti ilẹ̀ níbẹ̀. Mo ní kò sí ìlà. Mo ní mo rí i kedere.

“Kí ló wá dé tí o fi ní ó wà?”

“Nítorí pé ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, sà.”

Ó wò mí bí ẹni ń wo eyín tí kò mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. “Mi ò sọ ọ́,” ó ní. “Mo bèèrè ni.”

Mo dìde nílẹ̀, mo na ọ̀rá ọsàn náà sí i.

Kò bínú. Ó ní òun kò lè mọ̀ báyìí bóyá òótọ́ ló gbé mi wá tàbí àánú arúgbó. Ẹlẹ́rìí tó bá ti sọ méjì, wọn kì í gba ọ̀kankan. Bí mo bá ti sọ ọ́ nídìí tábìlì ni, níwájú gbogbo wọn, wọn ì bá jiyàn, òun pàápàá ì bá jiyàn, wọn ì bá sì tún bẹ̀rẹ̀. “Ìdí tí a fi ń jókòó síbẹ̀ nìyẹn,” ó ní. Ó gba ọsàn, ó dúpẹ́, ó wọlé lọ mú páálí bísíkíìtì kan jáde fún wa, kó má baà jẹ wá ní nǹkan kan. Kúnlé jẹ ẹ́ tán nínú S-Bahn, ọkọ̀ ojú irin ìgboro.

Èmi nìkan ni mo lọ sílé Màmá Wendt. Ó ṣílẹ̀kùn díẹ̀, kò ní kí n wọlé. Mo ní kó má bínú, pé kò sí ìlà nínú ìrù náà.

“O kò ní láti sọ ọ́ fún mi,” ó ní. “Mo wà níbẹ̀. Mo rí ìrù náà.”

Mo bọ́ awò ọkọ rẹ̀ lọ́rùn, mo nà án sí i. Ó fi ọwọ́ kan awọ tó bó yẹn, ó wá tì í padà sí mi láyà.

“Mú un lọ. Ojú rẹ dára. Ẹnu rẹ ni kò dára.”

Hamburg, ní ọjọ́ tó gbẹ̀yìn

Nídìí oúnjẹ ní Jenfeld, wọ́n bèèrè ohun tí mo rí ní Berlin. Mo ní ẹyẹ.

“Ẹyẹ?” Àǹtí Mùínátù gbé ṣíbí sílẹ̀. “Ọkọ mi, irú ẹyẹ wo? Ṣé ẹyẹ náà sọ̀rọ̀?”

“Kò sọ̀rọ̀. Èmi ni mo sọ̀rọ̀.”

Mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn. Ẹ̀gbọ́n mi mi orí. “O ṣe dáadáa,” ó ní. “Àgbà ni. O ò lè já àgbà ní irọ́ láàárín èrò. Wọ́n kọ́ ọ dáadáa nílé.”

“Kò ṣe dáadáa o,” Àǹtí Mùínátù ní. “Ìyá yẹn ńkọ́? Òun kì í ṣe àgbà? Àbí irùngbọ̀n lẹ fi ń mọ àgbà nílé yín?”

Ẹ̀gbọ́n mi ki òkèlè sẹ́nu. Èmi náà ki tèmi.

“Genau,” ni Fàrúkù wí, ó ń mi orí sí ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀.

Mi ò ní kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún mi.

Ohun tó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé arúgbó méjì ló wà nídìí tábìlì yẹn. Ọ̀kan ni mo ń pè ní Màmá. Òun ló kọ́ mi láti wo ojú, ìrù, ẹsẹ̀ àti ìrìn kí n tó dárúkọ. Mo dé iwájú Dókítà, mo rí irùngbọ̀n, mo dárúkọ.

Ṣakí

Mo padà. Ẹ̀yin náà ti bi mí ìdí rẹ̀ tó, ẹ̀yin kan sì ti ń wo ìyá mi lójú burúkú nítorí rẹ̀. Kò sí àlàyé mìíràn: mo ní mo máa padà, mo sì padà. Ó dà bí pé òun nìkan ni òtítọ́ tí mo sọ ní gbogbo ìrìn-àjò náà.

Awò náà wà lọ́rùn mi ní ìsọ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mò ń wo oníbàárà láti òkèèrè kí n lè sá. Ẹyẹ ni mò ń wò. Mo ti mọ̀ báyìí pé wọn kì í ṣe ológoṣẹ́ gbogbo wọn. Ti aṣálẹ̀ yẹn kì í dé ọ̀dọ̀ wa. Òkè lọ́hùn-ún ló mọ. Síbẹ̀ tí ọyẹ́ bá dé, tí nǹkan kékeré kan bá sáré nílẹ̀, àyà mi á já.

Kúnlé sọ fún mi pé Màmá Wendt kò wá sí ilẹ̀ ojú irin mọ́. Àwọn ẹgbẹ́ ṣì ń wá. Ó máa ń rí wọn láti ojú fèrèsé.

Mo pè é lórí fóònù. Ìrọ̀lẹ́ ni, mo ti ti ìsọ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ ti lọ.

“Màmá, Ràṣíìdì ni. Mo fẹ́ sọ ọ́ kedere. Kò sí ìlà dúdú nírù ẹyẹ náà.”

Mo ń gbọ́ kẹ́tùlù tó ń hó lọ́dọ̀ rẹ̀.

“Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ níbẹ̀?”

“Èmi nìkan ni, Màmá.”

“Tí èèyàn bá pé,” ó ní, “kí o pè mí.” Ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Ìdí tí mo fi kọ èyí nìyẹn. Ẹ̀yin nìyí, ẹ pé. Kò sí ìlà dúdú nírù ẹyẹ náà. Ó tẹ́ ẹ síwájú mi nínú oòrùn, mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì, aṣọ kan náà ni láti òkè délẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú yín tó jókòó nídìí tábìlì yẹn, àwọn tó sì jókòó níbẹ̀ kò gbọ́ Yorùbá. Gbèsè náà ṣì wà lọ́rùn mi, níbi tí awò ọkọ rẹ̀ wà.